Èsì Ọkùnrin Méjì

Ọkàn ẹnì kan ṣoṣo ni Dókítà Hidayah gé lára rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí láábù, ṣùgbọ́n èsì ọkùnrin méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́ padà sí i.

Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Ó jókòó sínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó ka èsì náà láti òkè délẹ̀, ó tún kà á láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè, bí ẹni tó ń wá ibi tí aṣọ ti ya. Nígbà tí kò rí ibi tó ya, ó gbé fóònù, ó pe Zàíd. Òun àti Zàíd yìí ni wọ́n jọ kàwé ní yunifásítì. Zàíd ló ń bójú tó ẹ̀rọ tí ń yẹ purotéènì wò ní láábù náà, kò sì sí ẹni tí Hidayah mọ̀ tó ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ tó o. Ó bi í bóyá ẹran ara òkú méjì kò dà pọ̀ mọ́ra lọ́dọ̀ wọn. Zàíd ní òun náà ti rò ó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti fọ ẹ̀rọ, òun ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ kí òun tó fi nǹkan kan ránṣẹ́, ohun kan náà ló ń jáde.

"Pé wọ́n jẹ́ méjì kọ́ ló ń dààmú mi," Zàíd wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Ọ̀kan nínú wọn ti kú tipẹ́, Hidayah. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Inú omi iyọ̀ ló sì wà láti ìgbà náà."

Ẹni tó ni ọkàn náà ni Rewájú, ọlọ́kọ̀ ojú omi tí ń kó èrò láti èbúté Àgbádárìgì lọ sí Topo. Ọmọ Iworo ni, géńdé tí ara rẹ̀ le koko. Ikú rẹ̀ kò ní ariwo nínú rárá. Ó fa ọkọ̀ rẹ̀ gun iyanrìn lọ́sàn-án gangan, ó ń bá àwọn èrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ṣàwàdà, ó wá fìdí lé etí ọkọ̀ bí ẹni tó fẹ́ sinmi díẹ̀. Ẹ̀rín kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tó fi kú. Àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé ó ń ronú ni. Ìgbà tí obìnrin kan gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja rẹ̀ lé e lọ́wọ́ pé kó bá òun dì í mú, tí apẹ̀rẹ̀ náà bọ́, tí ẹja fọ́n káàkiri ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò sì bẹ̀rẹ̀ wò ó, ni wọ́n tó mọ̀ pé òkú ni wọ́n ń bá ṣeré.

Irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í wá kí ó má mú ẹjọ́ dání. Ruth, ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n nàka sí. Ọmọ Ẹ̀gùn ni Ruth, láti Kankon. Òun ló gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀kọ àti ẹja díndín. Àwọn ará ilé sì gbọ́ pé tọkọtaya náà ti ń fa ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, nítorí Ruth fẹ́ kí wọ́n kó lọ sí Kankon kí òun lè sún mọ́ àwọn ènìyàn òun. Lékè gbogbo rẹ̀, Ruth ti pẹ́ nílé ọkọ, kò sì tíì bímọ. Obìnrin tí kò bímọ, tí ọkọ rẹ̀ tún kú lójijì, kì í pẹ́ kí ayé tó rí ẹ̀sùn so mọ́ ọn lọ́rùn. Bọ́ládé, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ló mú ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n ti Ruth mọ́lé, wọ́n tún fi í sílẹ̀ fún àbúrò ìyá rẹ̀ pé kó má kúrò ní Kankon títí èsì àyẹ̀wò yóò fi jáde. Kí ó tó dé láti àgọ́ ọlọ́pàá, Bọ́ládé ti fi kọ́kọ́rọ́ tuntun ti yàrá rẹ̀.

Iṣẹ́ Hidayah ni láti sọ ohun tó pa Rewájú. Ó la òkú náà, ó gbé ọkàn rẹ̀ wò. Ọkàn tó dára lójú ni: òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ là gaara, kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì, kò sí àpá. Ó gé díẹ̀ lára rẹ̀, ó dá ìyókù padà sí àyà ẹni tó ni ín, nítorí àṣà rẹ̀ ni láti má jẹ́ kí òkú padà sílé láìpé. Wọ́n wá májèlé nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n wá a nínú oúnjẹ tó wà nínú ikùn, wọn kò rí nǹkan kan. Nígbà tí Bọ́ládé gbọ́, ó ní oró tí wọ́n fi ewé sè ni, pé ojú ẹ̀rọ òyìnbó kò lè tó o.

Ìyẹn ló mú kí Hidayah ronú kan Zàíd àti ẹ̀rọ rẹ̀. Purotéènì ni wọ́n fi kọ́ ara ènìyàn. Bí ènìyàn bá kú, wọn kì í túká lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n a ṣì wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, bí òṣìṣẹ́ tí kò tíì gbọ́ pé ọ̀gá ti filẹ̀ bora. Ẹ̀rọ Zàíd a máa já wọn sí wẹ́wẹ́, a wọ̀n bí èyí ti wúwo tó àti bí ìyẹn ti wúwo tó, a sì sọ èyí tó pọ̀ jù, èyí tó dín, àti èyí tó yẹ kó wà tí kò sí. Ohun tí ojú kò rí lára ọkàn Rewájú, ẹ̀rọ náà rí i. Purotéènì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó so ẹran ọkàn pọ̀ mọ́ra lọ, ẹyọ kan mọ́ ẹyọ kejì, bí kókó inú àwọ̀n. Ti Rewájú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọ̀n tí kókó rẹ̀ ti tú ṣì jọ àwọ̀n tí wọ́n bá fi kọ́ ara ògiri. Ọjọ́ tí ẹja ńlá bá kọlù ú ni yóò já. Fífà tí Rewájú fa ọkọ̀ gun iyanrìn, ẹja ńlá rẹ̀ nìyẹn. Àìsàn ìdílé ni. Kò sí ẹ̀kọ tàbí ẹja díndín tó lè fà á.

Ká ní èsì náà parí síbẹ̀ ni, Ruth ì bá ti bọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì kejì wà. Purotéènì a máa gbó, bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀ a ṣe máa ṣá, ẹ̀rọ náà sì mọ tuntun yàtọ̀ sí ògbólógbòó. Nínú ẹran ọkàn kan náà, tí kò tó ìka ọmọ-ọwọ́, purotéènì ọkùnrin mìíràn wà, ó ti gbó gan-an, iyọ̀ ti wọ̀ ọ́. Kókó àwọ̀n tirẹ̀ náà ti tú.

Hidayah mọ ohun tí lọ́yà èyíkéyìí yóò sọ bí òun bá gbé irú èsì bẹ́ẹ̀ síwájú ilé ẹjọ́. Yóò ní iṣẹ́ rádaràda ni, ẹran òkú méjì tó dà pọ̀, yóò sì ní kí wọ́n dà á nù. Bí wọ́n bá dà á nù, kò sí ohun mìíràn tó lè gba Ruth sílẹ̀. Ó ronú sí i títí. Ọmọ Àgbádárìgì lòun náà. Ìyá rẹ̀ ṣì ń ta aṣọ lójú títì ńlá tó lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Wọ́n tọ́ ọ dàgbà nínú ìgbàgbọ́ pé Ọlọ́run nìkan ló mọ okùn tó so ẹ̀mí mọ́ ara. Kò retí pé òun á rí ìdí okùn náà nínú iṣẹ́ òun.

Ó wakọ̀ lọ sí Iworo. Ó bá Bọ́ládé lábẹ́ igi àgbọn, tó tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀, ó ń nù ún. Ọkùnrin náà ṣe dáadáa sí i. Ó wá àga fún un, ó bu omi, ṣùgbọ́n kò wojú rẹ̀. Hidayah kò dárúkọ Ruth. Ó ní òun fẹ́ mọ irú ikú tó pa bàbá wọn.

Bọ́ládé ń nu ẹ́ńjìnnì náà bó ṣe ń dáhùn. Sagbo lorúkọ bàbá wọn, apẹja ni. Bọ́ládé wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, lójú ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń rí ilé ìjọ àtijọ́ ti Topo lókèèrè. Sagbo dìde láti na àwọ̀n. Ó dúró díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí ojúlùmọ̀ pè láti ẹ̀yìn, ó sì ṣubú sómi. Ọkùnrin tó ń wẹ̀ bí ẹja, kò ju apá, kò ju ẹsẹ̀. Gbogbo ọlọ́kọ̀ Iworo àti Ajido ló wá a, omi kò dá a padà. Àwọn àgbà ní omi ló pè é, pé kí ẹnikẹ́ni má béèrè mọ́. Oyún Rewájú wà nínú ìyá wọn nígbà náà. Bàbá àti ọmọ kò fojú kan ara wọn rí.

Hidayah rántí ọkùnrin inú omi iyọ̀, ó sì bi í bóyá ọkàn tirẹ̀ náà máa ń fò nígbà mìíràn.

Bọ́ládé gbé àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àyà rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ọwọ́ tó mọ ọ̀nà. "Bí mo bá ń fa àwọ̀n," ó wí. "Ó máa ń dúró díẹ̀. Á tún wá sáré." Ó wá wojú rẹ̀. "Dókítà, ẹ má bínú. Ṣé kì í ṣe pé obìnrin yẹn ti ṣe èmi náà?"

"Bàbá yín ti kú kí wọ́n tó bí Ruth," ni Hidayah dá a lóhùn.

Ó ní kó wá kí wọ́n wo ọkàn rẹ̀, kò sì fi agbára rọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Bọ́ládé wá sí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, ó wọ aṣọ tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n so ẹ̀rọ tí ń ka lílù ọkàn mọ́ ọn láyà. Dókítà ọkàn tó ka ìwé tí ẹ̀rọ náà tẹ̀ jáde kò jẹ́ kó padà sílé lọ́jọ́ náà. Oògùn tí wọ́n fún un nígbà náà ló ń lò títí di òní, kò sì fa àwọ̀n mọ́; ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Láti orí ibùsùn níbẹ̀ ló ti ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá pé òun kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ mọ́.

Ìyẹn ì bá tó. Ṣùgbọ́n Hidayah kò lè fọwọ́ sí ohun tí kò yé e. Ó padà sí mọ́ṣúárì, níbi tí òkú Rewájú ṣì wà nínú òtútù, ó tún gé ẹran kékeré mìíràn lára ọkàn náà. Lọ́tẹ̀ yìí kò fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ gbé e sínú yìnyín, ó wakọ̀ gbé e dé láábù, ó jókòó ti ẹ̀rọ náà títí ó fi ṣiṣẹ́ tán. Ìró ẹ̀rọ náà kò lọ sókè kò lọ sílẹ̀, bí ìró oyin nínú igi. Zàíd jókòó tì í.

Èsì jáde lójú ẹ̀rọ. Rewájú wà níbẹ̀. Ọkùnrin inú omi iyọ̀ wà níbẹ̀. Zàíd fi ìka tọ ojú ẹ̀rọ náà lọ sísàlẹ̀, ìka náà sì dúró.

"Èyí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀," ó wí, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnì kan nínú yàrá kejì gbọ́.

Hidayah sún mọ́ ọn. Purotéènì kan wà tí ọkàn ọmọ máa ń lò nígbà tó ṣì wà nínú ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá bí ọmọ náà, yóò máa dín kù, òmíràn yóò sì gba ipò rẹ̀, títí kò fi ní sí mọ́. Àgbàlagbà kì í ní in. Ó wà nínú ọkàn Rewájú, díẹ̀ bíńtín, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú.

Zàíd bẹ̀rẹ̀ sí í wá àlàyé, nítorí ìṣe rẹ̀ ni. Ó ní wọ́n ti rí i pé ọkàn tó ń ṣàìsàn a máa padà sí ìṣe ìgbà ọmọdé rẹ̀ nígbà mìíràn, bí arúgbó tí ń sun ẹkún pe ìyá rẹ̀. Hidayah gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá bi í pé, bó bá jẹ́ àìsàn ni, kí ló dé tí kò fi sí nínú ẹran tí wọ́n kọ́kọ́ gé? Òkú kì í ṣàìsàn sí i. Zàíd yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó ní tí òun bá wà nípò rẹ̀, òun á wádìí ẹni tó kù nínú ìdílé náà.

Hidayah gba ọ̀nà Kankon. Ruth wà ní ẹ̀yìn ilé àbúrò ìyá rẹ̀, ó ń rin àgbọn sínú ọpọ́n. Ó dìde, ó sì kí i káàbọ̀ ní èdè Ẹ̀gùn, "Mì kúàbọ̀," kó tó rántí yí i sí Yorùbá. Ó ti rù. Hidayah mú un jókòó, ó kọ́kọ́ sọ èyí tó yẹ kó sọ: pé ìwádìí ti parí, pé àìsàn tí ọkọ rẹ̀ jogún ló pa á, pé kò sí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, pé Bọ́ládé fúnra rẹ̀ ti gbà. Ruth gbọ́ ọ dópin. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ láìsí ìró. Ó mú àgbọn tó kù, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rin ín, bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun mìíràn tí yóò ṣe.

Hidayah wo ojú ilẹ̀. Ó ti ro oríṣìíríṣìí ọ̀nà tí òun á gbé e gbà lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ wá sá lọ.

"Ruth," ó wí, "ṣé o lóyún?"

Ọwọ́ Ruth dúró lórí àgbọn náà. Ó wo ẹnu ọ̀nà ilé, ó wo ojú Hidayah. Ẹ̀rù bà á tó bẹ́ẹ̀ tí Hidayah fi kábàámọ̀ pé òun béèrè.

"Ta ló sọ fún yín?"

Hidayah ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun.

"Ẹ jọ̀ọ́, má, ta ló sọ fún yín? N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Aǹtí mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ kò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní oyún ẹlòmíràn ni." Ó fi etí aṣọ nu ojú. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ débi tí Hidayah fi ní láti tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́. "Òun nìkan ni mo sọ fún. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá gbà kí n wá, tí àwọn ará mọ́ṣúárì jẹ́ kí n wọlé rí i. Wọ́n yẹ̀bá fún mi díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ẹnu mi lé e láyà, mo ní, 'Rewájú, ohun tí a ń wá ti dé o.' Mo fẹ́ kó gbọ́ kí wọ́n tó sin ín ni. Mo mọ̀ pé òkú kì í gbọ́ràn."

Ọjọ́ tó wọlé rí i yìí, Hidayah rò ó, ó bọ́ sí àárín gígé àkọ́kọ́ àti gígé kejì.

Kò sọ ohun tí ẹ̀rọ rí fún un. Ohun tó sọ ni pé ọmọ náà lè jogún àìsàn bàbá rẹ̀, pé wọn kò ní jẹ́ kó dìgbà tó bá ń fa ọkọ̀ gun iyanrìn kí wọ́n tó mọ̀, pé láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti bí i ni àwọn dókítà ọkàn yóò ti máa wò ó. Ó fún un ní orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ó dúró tì í títí ó fi rin àgbọn náà tán.

Nínú ohun tó kọ ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, ó fi àìsàn ìdílé ṣe ohun tó fa ikú. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé àwọn purotéènì mìíràn wà nínú ẹran ọkàn náà tí òun kò lè sọ ibi tí wọ́n ti wá. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó túmọ̀ sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, kí wọ́n tó gbé pósí lọ sí Iworo, Zàíd pè é. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun tún gé díẹ̀ sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré, pé wọn kò tún ní rí irú rẹ̀ mọ́ láyé. Hidayah ní òun gbọ́. Ó rìn wọ inú mọ́ṣúárì. Wọ́n ti wọ aṣọ funfun fún Rewájú. Bọ́ládé dúró níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rọra ṣe bí dókítà ti ní kó máa ṣe, Ruth sì dúró níbi orí. Bọ́ládé ti fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ránṣẹ́ sí i. Ruth ti gbà á, ṣùgbọ́n ó ní Kankon ni òun á bímọ sí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ dé pósí, Ruth ní kí wọ́n dúró. Ó wo Hidayah.

"Ṣé ó ṣì ń gbọ́?"

Àwọn tó kù rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ruth kò dúró de èsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sínú pósí náà, ó gbé ẹnu lé àyà ọkọ rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ́, jẹ́jẹ́, ní èdè Ẹ̀gùn, débi tí Bọ́ládé fi yí ojú sí ògiri. Hidayah rí i pé ẹnu rẹ̀ ń mì. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó mọ̀ pé bí òun bá mú ọ̀bẹ nísinsìnyí, tí òun gbé ẹran tó kéré bí èékánná tọ Zàíd lọ, ó ṣeé ṣe kí òun mọ ohun tí Ruth sọ, àti ẹni tó tún gbọ́ ọ pẹ̀lú Rewájú nínú ọkàn náà.

Nígbà tí Ruth dìde, Hidayah bá àwọn yòókù gbé ọmọrí pósí náà, wọ́n sì dé e.